Páàdì Tó Sun Ẹkún Ìyàwó

Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí oorun bá kun ni pàápàá, kì í dákẹ́.

Ẹ̀yin àna mi, ẹ ṣeun tí ẹ bu omi sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ bi mí léèrè ohun tó jẹ́ kí oòrùn kàn wá lórí ká tó mú ìyàwó yín dé. Àlá ni. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n rọ́ ọ.

Lánàá, mo pààrọ̀ páàdì bíréèkì mọ́tò mi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín Òkèihò sí ọ̀dọ̀ yín níbí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi páàdì tó ti jẹ tán sọ̀, àgàgà bó bá jẹ́ Ojúọlápé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Olúwa fún mi, ló jókòó sẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni mo tú táyà. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ jókòó sínú ilé ni. Ọmọ ń palẹ̀ ẹrù mọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo lè bá a sọ, ni mo bá fi sípánà bojú. Mo kó páàdì tuntun sí i wàràwàrà. Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò han gooro dé ìpẹ̀kun àdúgbò.

Ìyá Ojúọlápé yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá Ojúọlápé, ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ fi sin ọmọ yìí ni, àbí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dúńbú?"

"Yóò dákẹ́ tó bá dọ̀la."

"Ọmọ yín ní òun ò ní wọ ohun tó ń sunkún lọ́jọ́ ayọ̀ òun o!"

Mo gbàdúrà, mo sùn.

Ni mo bá lá a lóru àná pé mò ń wa mọ́tò náà nínú pálọ̀ mi. Kò yà mí lẹ́nu, pálọ̀ ọ̀hún ti gùn tó ọ̀nà Ṣakí. Mo tẹ bíréèkì kí n má baà gun àga ìyá mi, ni páàdì kan bá yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó ró ìró, ó fi ìborùn bo ojú, ó gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó:

"Ìyá mi, mò ń lọ rèé o,
Wọ́n mú mi wọlé, wọn ò bu omi sí mi lẹ́sẹ̀.
Ọkọ tí wọ́n fi mí fún, ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí,
Mo dì í mú, ó yọ̀ bọ̀rọ́.
Ẹ má pè é láriwo o, ẹkún ni."

Mo ní, "O káre, ohùn rẹ dùn. Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì, Bàbá. Wọn kì í parí irú ẹ̀ nínú pálọ̀."

Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lójú sánmà bí ìfófó ọṣẹ. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ọsàn kan, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Ìlọrin. A fà á wálẹ̀, a wọlé. Ọ̀gá kan jókòó síbẹ̀ nínú agbádá funfun, awò wà lójú rẹ̀.

"Ta ló fọ ẹsẹ̀ ọmọ yìí kó tó wọlé?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Ta ló fi sáńpépà ha ojú ọkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ha á, sà."

Bó ti mi orí, ó hu irùngbọ̀n, ìwo méjì yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, ó di òbúkọ. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí kò lè dà. Mo kàn ń pè é ní sà lọ, nítorí kò kúrò lórí àga.

Wọ́n pe ọkọ rẹ̀, dísìkì, irin pẹlẹbẹ inú táyà tí páàdì ń dì mú. Ó yí wọlé gbirigbiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Olúwa mi, èmi ò kọ ìyàwó o. Páàdì àtijọ́ ló fi ojú mi dán báyìí. Ẹni tó bá dì mí mú, ń ṣe ló ń yọ̀, tó ń gbọ̀n, tó sì ń ké."

Òbúkọ jẹ etí fìlà mi díẹ̀, ó fi ronú.

"Ẹ tú wọn. Ẹ ha ojú dísìkì títí dídán rẹ̀ á fi kúrò. Ẹ fọ eruku àti ìpẹtà kúrò níbi tí páàdì ń jókòó sí. Ẹ fi gírísì pa páàdì lẹ́yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú rẹ̀ o, bó bá kan ojú, mọ́tò ò ní dúró mọ́! Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ sáré díẹ̀, ẹ rọra tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."

"A dúpẹ́, sà."

Páàdì ò dìde. Ó ní, "Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú mi wá, láti àárọ̀ tó ti ń gbé mi sọ́tùn-ún sósì, kò bá mi sọ gbólóhùn kan."

Ó ṣí ìborùn. Ojú Ojúọlápé ni mo rí.

Mo lanu láti dáhùn, nọ́ọ̀tì táyà ló ń jábọ́ lẹ́nu mi. Òbúkọ ní kí n ṣà wọ́n, kí n má dọ̀tí ọ́fíìsì òun. Mo bẹ̀rẹ̀, mò ń ṣà wọ́n, omi ń bọ́ lójú mi.

"Mẹ́ẹ̀!"

Mo lajú. Òbúkọ aládùúgbò wa ló ki orí bọ fèrèsé, ó ń jẹ fìlà tí mo fi kọ́ síbẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ Ẹni tó la kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lóhùn nínú Bíbélì, kò sí ẹni tí kò lè rán. Mo mú sáńpépà, mo tú táyà, mo ṣe é bí òbúkọ ti wí. Mo wá gbé mọ́tò lọ sí pápá ilé-ìwé, mò ń sáré, mò ń rọra dúró, títí tí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi iyanrìn lábẹ́ táyà.

Nígbà tí mo padà dé, oòrùn ti ga. Ojúọlápé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti múra. Mo tẹ bíréèkì níwájú rẹ̀.

"Ó ti dákẹ́," ó ní.

"Ó ti dákẹ́."

Mo bọ́ sílẹ̀, mò ń wá ibi tí màá fi ọwọ́ mi sí, gírísì kún un. Ni ọmọ mi bá kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí kí n tó wọ mọ́tò."