Akọ̀wé Tó Ń Gbàgbé

Ìbílọlá mọ̀ pé òun ń gbàgbé. Wárápá tó ti ń gbé e ṣánlẹ̀ láti kékeré ti jẹ nínú iyè rẹ̀. Orúkọ aládùúgbò pàápàá máa ń fò lọ mọ́ ọn lórí. Nítorí náà, ohun gbogbo ló ń kọ sílẹ̀, títí kan ìgbà tó lo oògùn. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ omi ní Ìtàjí fi fi í ṣe akọ̀wé lọ́dún 2002. Orí àwọn àgbà yòókù pé, wọn kò rí ìdí tí àwọn fi ní láti kọ nǹkan kan.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi, tó máa ń wà lọ́wọ́ akọ̀wé, wá sọnù, tí ìlú padà sódò fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí orí wọn pé yìí mọ ẹni tó sọ ọ́ nù láìbéèrè. Wọ́n péjọ sí pálọ̀ Alága, Bàbá Dúrójayé, láti gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé. Alága fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé ẹni tí iyè rẹ̀ ń jò kò ṣeé fi nǹkan ìlú pamọ́ sí lọ́wọ́. Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n jókòó jìnnà sí i, nítorí wárápá gbé e ní ìpàdé tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí itọ́ rẹ̀ ta sí òun lára.

Ìbílọlá kò lè sọ pé òun rántí. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí nìkan ló jẹ́ kí ìlú máa pè é ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí oníwárápá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá náà kí òun tó gbé ìwé sílẹ̀. Ó kà á débi tó ti kọ ọ́ pé, "Alága gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé láti yẹ̀ ẹ́ wò." Lẹ́yìn ìyẹn, bírò fa ìlà gbọọrọ bọ́ sétí ìwé.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó tẹ̀ lé ìlà yẹn: wárápá gbé e, wọ́n sì sá gba ojú fèrèsé, Alága ló ṣíwájú.

"Bàbá, agbádá wo lẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà?" ni Ìbílọlá bi Alága.

Alága ronú títí, kò rántí. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, pé èyí tó ní kí òun fi kọ́ ẹ̀yìnkùlé ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, nítorí itọ́.

Wọ́n fi igi gbé e wá. Kọ́kọ́rọ́ wọ àpò rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́? Ìbílọlá ló dìde, ó yọ ọ́, ó nà án sí Alága. Alága fawọ́ sẹ́yìn.

"Máa fi í pamọ́ lọ́wọ́ rẹ," ni ó wí. "Àgbà ló ń dé. Má kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ó ti kọ ọ́, kó má baà gbàgbé.