Wọ́n Ní Màmá Ò Ráàyè

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti fi ń ṣe aṣojú àwọn òṣèré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá eré fún wọn, kó bá àwọn tó ń ṣe fíìmù sọ̀rọ̀, kó sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò rẹ́ wọn jẹ. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ ọ́ ní Ahọ́n-Oyin. Olùdarí eré tó bá fi ìbínú wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀rín ló máa bá jáde.

Nínú àwọn òṣèré tó ń ṣojú fún, ọ̀kan wà tó dà bí ìyá fún un. Màmá Sinimá ni gbogbo ayé ń pè é, ó sì ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òun ló kọ́kọ́ fọkàn tán Ahọ́n-Oyin nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ahọ́n-Oyin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi ń wá jókòó tì í ní ọsibítù, tó ń ka ìwé eré sí i létí, tó ń yí ohùn padà bí ọkùnrin, bí ọmọdé, títí oorun á fi gbé e lọ.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí yàrá ìpàdé.

"A ti ṣe alárinà tó," ó ní. "Àwa la ní òṣèré, àwa la mọ àwọn tó ń kọ ìwé eré. Kí ló dé tí adìẹ wa á fi máa yé sí ilé onílé?"

Láti ọjọ́ náà lọ, iléeṣẹ́ á máa fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́, tó jókòó ti Ahọ́n-Oyin, rọra sọ sí i létí pé, "Bí òṣèré bá wá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe fíìmù ńkọ́? Ẹ̀yìn ta la máa wà?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi wó ògiri yàrá tí àwọn òṣèré ti máa ń jókòó, wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ti ń to àwòrán fíìmù pọ̀. Ìsàlẹ̀ ilé di ibi tí wọ́n ti ń ya eré. Eré àkọ́kọ́ jẹ́ alápá mẹ́jọ, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ gbà á sì ti sọ pé dandan ni kí àwọn rí ojú Màmá Sinimá nínú rẹ̀. Wọ́n fún Màmá ní ipa ìyá àgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, olùdarí kan pe Ahọ́n-Oyin lórí fóònù. Ọkùnrin náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, gbogbo òṣèré ló ń wá ojú rere rẹ̀. Ó ní òun ti kọ fíìmù kan nípa adájọ́ àgbà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá mọ̀ pé aláìṣẹ̀ ni ẹnì kan tí òun rán lọ sẹ́wọ̀n, tó sì ń wá a káàkiri kó lè tọrọ àforíjì.

"Màmá nìkan ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń kọ ọ́," ó ní.

Oṣù kan náà ni eré méjèèjì bọ́ sí. Ahọ́n-Oyin lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ò gbójú kúrò lára fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Sọ fún un pé kò ráàyè."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Màmá, sà."

"Bó o bá bi í, kí lo rò pé ó máa sọ? Ta ló máa fi adájọ́ sílẹ̀ wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì? Wò ó, ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe olórí ẹ̀ka fíìmù yìí. Má jẹ́ kí n kábàámọ̀."

Ahọ́n-Oyin bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ olùdarí náà láago. "Ẹ má bínú, sà. Wọn ò ní ráàyè. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, dókítà ní kí wọ́n sinmi."

Ọ̀gá ò ní kó fi àìsàn kún un o. Ahọ́n rẹ̀ ló fi kún un fúnra rẹ̀, ó yọ̀ jáde bí ọṣẹ. Olùdarí náà ní, "Áà. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mò ń gbàdúrà fún wọn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Màmá pè é. "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan mìíràn fún mi ni? Gbólóhùn mẹ́sàn-án péré ni mo ní nínú apá mẹ́jọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ojú mi ni."

"Màmá, gbogbo ibi ló pa lọ́lọ́ báyìí."

"Kò burú." Màmá rẹ́rìn-ín. "Màá fi mẹ́sàn-án náà ṣe bí ọgọ́rùn-ún."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ń ya eré náà lọ́wọ́. Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ ìwọ̀sùn tí wọ́n wọ̀ fún un, ife tíì lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀gá wọn, tó dúró níbẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń wọṣọ fún òṣèré àti àwọn tó ń gbé iná ń rẹ́rìn-ín. Ahọ́n-Oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí olùdarí tó pè nípa fíìmù adájọ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ó wá bá aṣojú mìíràn fọwọ́ sí ìwé.

"Háà, Màmá! Ara ti wá le báyìí?"

"Ara wo?" ni Màmá wí. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo Ahọ́n-Oyin. Ahọ́n-Oyin fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ lé àyà, ó wúkọ́ díẹ̀. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó ti ń lọ sílẹ̀. Obìnrin yìí ló ń ṣọ́ mi, kì í jẹ́ kí n ṣe wàhálà."

"Ó dùn mí pé ẹ ò lè ṣe adájọ́ yẹn. Mo ti fún ẹlòmíràn."

"Adájọ́," ni Màmá wí. "Ó dáa. Ó dáa gan-an ni."

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra, Ahọ́n-Oyin ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. Màmá ń to irun rẹ̀ níwájú dígí.

"Ìgbà wo ló pè?"

"Ọjọ́ tí ẹ bi mí pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni."

"Ta ló ní kó o sọ pé mò ń ṣàìsàn?"

Ó lè di ẹ̀bi náà ru ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti dé ètè rẹ̀. "Ọ̀gá ní kí n sọ pé ẹ ò ráàyè. Èmi ni mo fi àìsàn kún un. Màmá, ẹ ṣé tí ẹ bò mí láṣìírí."

Màmá yíjú sí i. "Ìwọ lo rò pé mo bò? Ara mi ni mo gbà lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣé kí n wá dúró níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kí wọ́n máa wò mí bí arúgbó tí ọmọ rẹ̀ tà? Dìde, wọ́n ń dúró dè mí."

Ó lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ gbólóhùn rẹ̀ láìṣi ọ̀kan, ó sì lọ sílé láìnu àtíkè ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ahọ́n-Oyin lọ jẹ́wọ́ fún olùdarí náà. Ó retí pé kó bú òun. Ọkùnrin náà kàn bi í pé, "Kí ni kí n wá ṣe fún ẹni tí mo ti fún ní ipa náà?" Ahọ́n-Oyin padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di òfin pé gbogbo eré tó bá wá láti òde gbọ́dọ̀ dé etí òṣèré fúnra rẹ̀. Ọ̀gá kọ̀, ó ní iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, Ahọ́n-Oyin ti kúrò níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun àti òṣèré mẹ́rin. Màmá náà ti fi iléeṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lára mẹ́rin náà.

Nígbà tí fíìmù adájọ́ jáde, Ahọ́n-Oyin lọ wò ó. Òṣèré tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló jókòó, tó tẹ orí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́.

Nígbà tó délé, ó tẹ Màmá láago.

"Ẹ káalẹ́ o," ni Màmá wí. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"Ẹ" tí Màmá ń lò fún un yẹn, bí ẹni ń kí àlejò, gún un ju èébú lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, Màmá ní òun ti gbọ́, pé òun ò bínú, ó ní, "Ẹ sun re o."

Ó ṣì ń pè é lóṣooṣù. Màmá ò kọ ìpè rẹ̀ rí, ó máa ń gbé e, ó sì ṣì ń fi "ẹ" kí i.