Ọwọ́ Aṣọ Màmá

Má-Mira làwọn oníbàárà ń pè mí, nítorí ohun tí mo máa ń jágbe mọ́ wọn kí n tó tẹ kámẹ́rà nìyẹn. Ẹni tó bá mira, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì, kó má wá bá mi jà.

Obìnrin kan ló mú ìyá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, ti ní bí òun bá gbọ́ pé ìyá ń jìyà, òun á wá mú wọn lọ sọ́dọ̀. Obìnrin yìí wá fẹ́ fọ́tò tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.

"Bí ẹyin ni mo ṣe ń tọ́jú wọn," ló wí, ó sì gbé ìyá jù sórí àga bí àpò sìmẹ́ǹtì. "Tó o bá ti yà á, fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n mi tààrà."

"Màmá, ẹ má mira o!"

Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, tí ọmọbìnrin wọn dojú bo fóònù rẹ̀, ni ìyá fa ọwọ́ aṣọ wọn sókè dé ìgbọ̀nwọ́. Mo pòṣé. Arúgbó yìí ti ba iṣẹ́ mi jẹ́!

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Àpá ìka mẹ́rin ló wà lápá ìyá, dúdú kirikiri. Ojú wọn ò yẹ̀ kúrò nínú kámẹ́rà. Wọn ò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò fún ọmọ wọn ọkùnrin.

Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọkùnrin náà á sáré dé. Ó kàn pè mí lórí fóònù ni.

"Ṣé o lè pa nǹkan tó wà lápá wọn yẹn rẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i dáadáa?"

"Mo rí i. Kò sáyè nílé mi. Ṣáà jẹ́ kó dán, kí n rí i gbé kọ́ ògiri."

Mo ṣépè fún un, mo sì pa á rẹ́. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ọjọ́ tí wọ́n wá gba fọ́tò, obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó jáde lọ pe mọ́tò. Ìyá fi ìka ra apá ara wọn nínú fọ́tò.

"Má-Mira, ta ló ní kó o pa á rẹ́?"

Mi ò lè wò wọ́n lójú.

"Àkọ́bí mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ni, mà."

Ìyá fa ọwọ́ aṣọ wọn wálẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn padà wọlé, wọ́n na apá sí i pé kó máa mú àwọn lọ sílé.