Nọ́mbà Kẹfà Nínú Káàdì Shagufta

1.

…kò ṣí. Ó tún un tẹ̀, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà bi í pé ètò wo ni kí òun fi ṣí i, ó to ètò mọ́kànlá síwájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó wúlò níbẹ̀. Rafaqat bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún un fi sójú.

Fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀.


2.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá òkè kan ní Urdu Bazaar, Lahore:

    ÀKÍYÈSÍ FÚN Ẹ̀YIN ONÍBÀÁRÀ WA
    Ẹ má fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ ní fáìlì nìyẹn.
    Ẹ má tẹ káàdì ìgbéyàwó sínú ètò tí ọ́fíìsì fi ń ṣírò.
    Fáìlì tó ń jẹ́ "èyí tó kẹ́yìn" kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn. A ti mọ̀.
    Ẹ kó àwòrán inú iṣẹ́ yín mọ́ iṣẹ́ náà.
    OJÚ-ÌWÉ NÌKAN Ò TÓ.
                        Rafaqat, oníṣẹ́ káàdì

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún. Òjò ti pa á, ó tún un kọ. Ẹ bá mi rántí rẹ̀.


3.

Fóònù Rafaqat, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

SUMBAL: Asalaamu alaekum, Chacha. Ẹ ò lè mọ̀ mí mọ́. Èmi ni àbíkẹ́yìn Ustad Hashmat. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà ìgbéyàwó Shagufta ẹ̀gbọ́n mi.

SUMBAL: Ìgbéyàwó tèmi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Káàdì tí bàbá mi ṣe fún Shagufta ni mo fẹ́, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kí ẹ kàn bá mi pààrọ̀ orúkọ àti ọjọ́.

SUMBAL: Mo rí díìsìkì kan nínú àpótí irin Màámi. Wọ́n bá mi kó ohun inú rẹ̀ jáde. Fáìlì kan péré ni.

    [ fáìlì: shagufta ]

SUMBAL: Ibi mẹ́ta ni mo ti gbé e dé. Wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ṣe é ti kú tipẹ́. Wọ́n ní tó bá kù lọ́wọ́ ẹnì kan ní Lahore, ọwọ́ yín ni.

Ó pè é ní Chacha, àbúrò bàbá. Rafaqat kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Tíì rẹ̀ tutù, kò mu ún.


4.

Ustad Hashmat, ọ̀gá tó kọ́ Rafaqat níṣẹ́, ò lo tábìlì rí. Ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á ká orúnkún kan sókè, á gbé pátákó lé e, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìwé ìròyìn ọ̀la, ìwé ewì, èèpo ìwé àwọn ọmọ iléèwé, káàdì ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Rafaqat nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́ akọ̀wé, ìyẹn fífi kálàmù kọ̀wé lọ́nà tó rẹwà. Odidi ọdún kan ló fi kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, èyí tó rọrùn jù, tó kàn dúró gbọọrọ. Tó bá kọ ọ́ tán sórí wàláà, Ustad á wò ó, á ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Fọ̀ ọ́." Rafaqat á lọ fọ wàláà, á tún fi amọ̀ funfun ra á, á sá a sójú fèrèsé.

Ayé yẹn dùn. Bí ẹnì kan bá ní kò dùn, èmi àti ẹni náà á jọ fà á. Òórùn tàdáwà nínú yàrá, kálàmù tó ń họ bébà bí adìyẹ ṣe ń họ ilẹ̀, ìyàwó Ustad tó ń pariwo láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti ń tutù, tí kò sì sẹ́ni tó dìde. Nínú àwo kan náà ni Rafaqat àtàwọn ọmọ ilé ti ń jẹun. Ọdún méjìlélógún.


5.

Bí Rafaqat ṣe rántí rẹ̀ nìyí. (Ó ti rántí rẹ̀ jù, ó lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́.)

USTAD: Wọ́n ní o ti ra ẹ̀rọ.
RAFAQAT: Bẹ́ẹ̀ ni, Ustad.
USTAD: Ó ń kọ̀wé?
RAFAQAT: Ó ń kọ̀wé.
USTAD: Ṣé ó máa ń fọ wàláà?
RAFAQAT: Ustad, àwọn ilé ìròyìn ti ń dá àwa akọ̀wé dúró. Ìyàwó mi lóyún. Kí ni kí n ṣe?
USTAD: Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wàá ṣe. Mo ní ṣé ó máa ń fọ wàláà?
RAFAQAT: (ó wo wàláà tó wà lójú fèrèsé)
USTAD: Ilẹ̀kùn nìyẹn.

1998. Wọn ò tún bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Ustad fi kú.


6.

    ▢

(Ẹ̀ka yìí ò tíì sí. Ẹ kọjá.)


7.

Káàdì Shagufta, 1999. Ẹnì kan tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé fún Rafaqat.

    OLÙPÈ: Hashmat Raqam
    ÀWỌN TÓ Ń FOJÚ SỌ́NÀ FÚN YÍN:
    1. Hakim Barkatullah, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó
    2. Master Yaqub, àbúrò ìyá ìyàwó
    3. Nazir Husain
    4. Iftikhar
    5. Tauqeer, ọmọ
    6.
    7. Sumbal, ọmọ

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìlà yẹn, ará ilé ni. Òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba àlejò. Rafaqat mọ àyè tirẹ̀ dáadáa, láàárín Tauqeer àti ọmọdébìnrin tó gbẹ̀yìn. Ó wo àyè náà. Ó ṣófo, nọ́mbà wà níbẹ̀, orúkọ ò sí. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ustad ti kọ orúkọ òun síbẹ̀, ó pa á rẹ́, ó wá fi ojú àpá rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun kí òun lè rí i.

Wàláà ni wọ́n fọ̀ yẹn. Ohun tó rò nìyẹn.

Kò lọ síbi ìgbéyàwó. Ní 2006, nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Ustad kọjá, òdìkejì títì ló dúró sí. Ó dùn ún nígbà yẹn. Ó ń dùn ún lónìí.


8.

Ohun tí fáìlì yẹn ń fẹ́ kó tó ṣí:

– kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, tó funfun tẹ́lẹ̀
– ètò ìkọ̀wé ìgbà náà, ẹ̀dà kejì rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kẹta
– kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ ewé kan tó tóbi tó páálí ìṣáná, tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ètò náà ò ní jí
– ẹni tí kì í lè kó nǹkan àtijọ́ dànù

Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ Rafaqat. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà nítorí rẹ̀ nígbà mẹ́ta.


9.

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Sumbal gbé àpò ọsàn kan wá.

SUMBAL: Ṣé ó ti ń ṣí, Chacha?
RAFAQAT: Ó ń ronú. Jẹ́ kó mí ná.
SUMBAL: Ilé tí wọ́n ń kó nǹkan ìgbàanì sí ni irú kọ̀ǹpútà yìí wà.
RAFAQAT: Wọ́n ń bọ̀ wá gbé èmi náà. Jókòó, mu tíì.
SUMBAL: Màámi ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n bi yín, kí ló dé tí ẹ ò wá jẹ ìrẹsì Shagufta?
RAFAQAT: (ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò) Ta ló bá Ustad tẹ káàdì yìí?
SUMBAL: Àwọn fúnra wọn ni. Ẹ ò mọ̀?
RAFAQAT: Ọmọ mi, Ustad ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.
SUMBAL: Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi lọ kọ́ ọ nítòsí Bhati Gate. Àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì, wọ́n ń pè wọ́n ní bàbá àgbà. Wọ́n sì ń parọ́ fún Màámi pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú làwọn ń lọ. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó gba ọmọ àwọn lọ́wọ́ àwọn.
RAFAQAT: Ọmọ wo?
SUMBAL: Chacha, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.


10.

Ó ṣí.

Òdòdó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ wà, ọjọ́ wà. Lójú oníṣẹ́, iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni: ìlà kan ga, ìkejì lọ sísàlẹ̀. Ọwọ́ tí gbogbo ọjà yìí ń wárí fún ló tẹ èyí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìka kan. Rafaqat rẹ́rìn-ín, omi sì ti lé sí i lójú.

Lábẹ́ Tauqeer, lókè Sumbal, àpótí kan wà tí wọ́n fi ìlà méjì dábùú. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀:

    ☒  ÀWÒRÁN YÌÍ Ò SÍ NÍBI TÍ WỌ́N TI MÚ UN.
        Orúkọ àwòrán: rafaqat


11.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan péré.


12.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí Rafaqat ṣe sọ ọ́ fún Sumbal.

Bàbá rẹ fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo orúkọ. Ẹyọ kan ló fi kálàmù kọ, sórí bébà, ó ní kí wọ́n bá òun ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kíláàsì, ó sì gbé e sí àyè rẹ̀. Ó rí i lójú-ìwé. Ó wá kó ojú-ìwé náà sórí díìsìkì, ó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n àwòrán ò sí nínú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀. Ojú-ìwé kàn mọ ilé tí àwòrán ń gbé ni. Àwòrán ṣẹ́kù sí kíláàsì, káàdì irínwó sì jáde pẹ̀lú àyè òfìfo.

Àwọn ọmọ kíláàsì á ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún kọ̀wé sórí bébà ni kò lè mọ̀ ọ́n, torí lórí bébà, ohun tó o bá kọ ń bá bébà lọ ibi tí bébà ń lọ.

Ojú-ìwé nìkan ò tó. Ara ilẹ̀kùn Rafaqat ló wà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.


13.

SUMBAL: Ẹ dúró. Màámi sọ ọ́ fún mi rí, ó kàn jẹ́ pé kò yé mi. Wọ́n ní nígbà tí káàdì dé láti ilé ìtẹ̀wé, bàbá mi di ọ̀kan mú látàárọ̀ títí di Mọ̀gáríbì. Tauqeer ní kí àwọn dá a padà, wọ́n kọ̀.
RAFAQAT: Kí ni wọ́n sọ?
SUMBAL: Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá wá, màá kọ ọ́ sí i níṣojú rẹ̀."
RAFAQAT: (ó bọ́ awò ojú rẹ̀)
SUMBAL: Màámi ní wọ́n fi kálàmù sápò lọ síbi ìgbéyàwó.


14.

Kíláàsì tó wà nítòsí Bhati Gate ti di ṣọ́ọ̀bù bàtà. Rafaqat lọ wò ó ní Sátidé. Ẹni tó ń ta bàtà bi í pé nọ́mbà mélòó ló ń wọ̀.


15.

Sumbal ní kí nọ́mbà kẹfà má ṣòfo lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí Chacha fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, torí ọwọ́ Ustad ló kọ́ ọwọ́ yẹn.

Rafaqat gbé wàláà sọ̀kalẹ̀ láti orí àpótí. Ó gbẹ́ kálàmù. Ó jókòó sílẹ̀, orúnkún náà dún, ó sì ká a sókè bó ṣe yẹ. Ó kọ orúkọ náà tán, ó sún un jìnnà sójú, ó wò ó.

"Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ó sọ ọ́ síta.

Ó fọ̀ ọ́. Ó tún un kọ. Ó fọ̀ ọ́.


16.

Fóònù Rafaqat, ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ilé ìtẹ̀wé ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Rafaqat ti fi ojú káàdì ránṣẹ́ sí Sumbal:

    OLÙPÈ: Tauqeer Hashmat
    ÀWỌN TÓ Ń FOJÚ SỌ́NÀ FÚN YÍN:
    1. (Hakim Barkatullah ti kú)
    2. Master Yaqub
    3. (Nazir Husain ti kú)
    4. Iftikhar
    5. Shagufta àti ọkọ rẹ̀
    6.

SUMBAL: Mo ti rí i, Chacha. Ó dára. Màámi sunkún. Ṣé ẹ máa bá wa yọ àwọn tó ti kú kúrò, àbí ẹ máa jẹ́ kí wọ́n wà?

SUMBAL: Àmọ́ nọ́mbà kẹfà ṣófo lójú fóònù mi. Ṣé fáìlì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Rafaqat ń tẹ ọ̀rọ̀…

Rafaqat ń tẹ ọ̀rọ̀…

Wàláà wà lójú fèrèsé. Kò tíì gbẹ.