Ó Ní Kí N Kí Yín

Iṣẹ́ wíwá àyè nínú ọkọ̀ òkun fún àwọn tó fẹ́ ṣe fàájì ni ọkùnrin náà ń ṣe, òun àti ìyàwó rẹ̀, nínú ọ́fíìsì kan náà, tí tábìlì wọn kọjú síra. Àwọn ọkọ̀ ràgàjì tó dà bí òtẹ́ẹ̀lì lójú omi, tí wọ́n ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lórí àjà àti àwọn olórin tó ń kọrin bí èèyàn bá ń jẹun, ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Aláfẹ́. Ti ìyàwó rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí imú wọn le, tó ń la yìnyín kọjá lọ sí ibi tí kò sílé, tí kò sígi, tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ìyá Oníyìnyín ni wọ́n ń pe òun. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé omi tútù ló ń tà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Ìyá Oníyìnyín kú. Àìsàn tó mú un kò fi ìgbà kankan ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-tó. Ó dé, ó sì mú un lọ. Wọ́n sin ín, àwọn èèyàn wá, àwọn èèyàn lọ. Nígbà tí Bàbá Aláfẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá, ìyẹn obìnrin tó ni ọ́fíìsì, bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì lọ sinmi sí i. Ó ní kò pọn dandan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìsinmi àti iṣẹ́, bákan náà ni wọ́n rí lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń sùn, ó ń jí bí ẹni tí kò sùn. Àwọn èèyàn ń retí omijé rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò, òjò kò rọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn látìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, ló ń sunkún fún àwọn méjèèjì. Àràárọ̀ ló ń sun ún nídìí tábìlì ilé ìdáná. Bàbá Aláfẹ́ á dúró títí á fi sun ún tán, á nu tábìlì, á sì kọrí síbi iṣẹ́.

Àwọn kan ní akọ ni. Kì í ṣe akọ. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri: ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣì jẹ́ tẹni tó ni ín, ẹni tó ni ín ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ọ̀gá ń pín àwọn oníbàárà olóògbé, Bàbá Aláfẹ́ ló kó àwọn oníyìnyín fún, nítorí ẹni tó bá ti ń jókòó síwájú èèyàn látọdúnmọ́dún, bí kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́, á gbọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù dún lórí tábìlì kejì. Ó nawọ́ gbé e. Agbẹ̀bí kan ni, obìnrin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìdajì àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ wá sáyé. Lọ́dún tó kọjá lòun àti Ìyá Oníyìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ìrìn àjò, kí Agbẹ̀bí tó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé fúngbà díẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ó ní òun ti gbọ́ igbe ọmọ tuntun títí etí òun fi kún, ibi tó bá dákẹ́ jù láyé lòun fẹ́ lọ.

"Níbo ni Oníyìnyín mi wà?" ló bi í. "Àbí ó ti ń sá fún mi ni?"

"Kò sí..." ni Bàbá Aláfẹ́ wí.

"Mọ́" ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kò jáde. Agbẹ̀bí kò sì dúró dè é. Ó ní ìsinmi tọ́ sí ọmọ náà, ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ní bó bá dé, kí ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ti padà, òun sì ti ṣe tán láti wọkọ̀. Bàbá Aláfẹ́ ní òun á jíṣẹ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mu omi. Ojú kò tì í, ẹ̀rù kò bà á. Ó lọ sí orí iṣẹ́ tó kàn.

Kò pẹ́ tí Agbẹ̀bí tún pè. "Kí ló ní?"

Ẹnu Bàbá Aláfẹ́ là fúnra rẹ̀. "Ó ní kí n kí yín."

Irọ́ kì í dá rìn. Agbẹ̀bí fẹ́ mọ yàrá wo ni kóun gbà. Ó ti rí àwòrán yàrá kan lókè pátápátá, níwájú ọkọ̀, tí fèrèsé rẹ̀ gbòòrò tó ògiri. Bàbá Aláfẹ́ ní òun á bá a béèrè. Lọ́jọ́ kejì ó pè é padà, ó ní ìyàwó òun ní kó má dán an wò, pé imú ọkọ̀ ló máa ń fò bí ewúrẹ́ bí ìgbì bá dé, agbedeméjì ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni kó gbà, ibẹ̀ ló máa ń rọra mì bí ìtẹ́ ọmọ. Agbẹ̀bí béèrè bóyá kóun bá obìnrin mìíràn pín yàrá. Ó ní ìyàwó òun ní rárá o, nítorí obìnrin yẹn náà á fẹ́ sùn, Agbẹ̀bí sì ń hanrun. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní ta ló tú àṣírí òun? Ó béèrè nípa bàtà. Bàbá Aláfẹ́ ṣàlàyé pé inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti yá a ní bàtà rọ́bà, pé wọ́n á máa fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń gbé wọn lọ sétí yìnyín, kí wọ́n má baà gbé irúgbìn ilẹ̀ mìíràn wọ ibẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ní kó mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání, kó má gbójú lé ti ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Gbogbo èsì wọ̀nyí, kò sí èyí tó ní láti rò. Bí ẹni pé obìnrin náà ṣì jókòó sí iwájú, tó ń dáhùn láìgbójú sókè, ni wọ́n ṣe ń bọ́ sí i lẹ́nu. Kò dùn mọ́ ọn, kò sì dùn ún. Ọ̀gá gbọ́ ọ tó ń dápàárá lórí fóònù, ó dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ara ti ń mókun. Ọkùnrin náà kò sọ fún un pé bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà á tún padà dà bí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Dókítà tó ń tọ́jú Agbẹ̀bí kọ̀wé pé ara rẹ̀ le tó ẹni tí ń lọ síbi tí kò sí ilé ìwòsàn. Físà jáde. Ọjọ́ ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyá náà wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, láti gba ìwé tó kù. Ó wọlé pẹ̀lú báàgì kan lápá, ó wo tábìlì méjèèjì, ó sì jókòó síwájú èyí tó ṣófo. Ó yọ fìlà kan tó fi òwú tó nípọn hun dáadáa jáde. Ó ní Oníyìnyín máa ń ráhùn pé ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì yìí á pa òun lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ò ní kúrò níbí àfi tóun bá fojú rí i.

Bàbá Aláfẹ́ ní ìyàwó òun jáde lọ.

"Màá dúró," ni Agbẹ̀bí wí.

Ẹyin lohùn, ibẹ̀ ló ti bọ́. Ọ̀gá jáde láti yàrá rẹ̀, ó rí ìyá àgbà, ó sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní látìgbà tí ìyàwó Bàbá Aláfẹ́ ti kú, àwọn oníbàárà rẹ̀ kan ti gba ibòmíràn lọ.

Agbẹ̀bí gbé fìlà náà sílẹ̀. "Ta ló kú?"

Ọ̀gá wo Bàbá Aláfẹ́. Bàbá Aláfẹ́ ń wo àwòrán àjà ọkọ̀ tó tẹ́ síwájú rẹ̀.

"Ìyàwó mi ni, mà. Látìbẹ̀rẹ̀ ọdún."

Ìyá náà kò pariwo. "Ta ló wá yan yàrá fún mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ní mò ń hanrun?"

"Èmi ni."

"Gbogbo ìgbà tí o ní ó ní kí o kí mi, ta ló ń kí mi?"

Bàbá Aláfẹ́ ká àwòrán náà.

"Ọmọ ti kú sí mi lọ́wọ́ rí," ni Agbẹ̀bí wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Kì í ṣe ẹyọ kan. Èmi fúnra mi ni mo máa ń jókòó ti ìyá rẹ̀, tí mo máa ń sọ fún un. N kì í rán ẹlòmíràn, n kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ìwọ jẹ́ kí n máa bá òkú ṣàwàdà. O jẹ́ kí n hun fìlà fún òkú."

Ó ká fìlà náà padà sínú báàgì. Ó sọ fún Ọ̀gá pé òun á lọ, òun ò fagi lé ìrìn àjò, ṣùgbọ́n kí ó bá òun parí èyí tó kù, kóun má tún bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Bàbá Aláfẹ́ dìde, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí. Nínú dígí, ojú rẹ̀ rí bó ṣe ń rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ìyá ìyàwó rẹ̀ nídìí tábìlì, tó ń bó ọsàn. Ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rò pé á bínú. Ó tilẹ̀ rò pé á di ẹrù rẹ̀, á ní òun kò lè bá ẹni tó fi ọmọ òun parọ́ gbé mọ́. Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Kí lo ní ó sọ?" ló béèrè.

Kò kọ́kọ́ yé e.

"Àwọn ọ̀rọ̀ tí o ní ó sọ. Sọ wọ́n fún mi."

Ó sọ ti yàrá, ti imú ọkọ̀ tó ń fò bí ewúrẹ́. "Òun náà nìyẹn," ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wí, "bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn." Ó sọ ti ìhanrun, ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ẹnu ọmọ òun kò dákẹ́ láti kékeré. Ó sọ ti ìbọ̀sẹ̀. Ó sọ àwọn tó ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Bó bá ti parí ọ̀kan, ìyá á ní, "Kí ló tún sọ?" títí kò fi sí mìíràn mọ́.

"Ó ti tán, Mọ́mì."

Ohùn ara rẹ̀ ṣàjèjì sí i létí. Ìyá mi orí, ó tún mú ọsàn. Bàbá Aláfẹ́ lọ fọ ife. Omi gbígbóná ló tú sí i, kò sì mọ bó ti pẹ́ tó tó gbé ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó tó rí i pé awọ ti ń pọ́n. Ó yọ ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀hún ta á díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó pe gbogbo oníbàárà tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyàwó mi ti kú," ló ń wí, "èmi ni màá máa bá yín ṣe é." Àwọn kan kígbe, àwọn kan gbàdúrà fún un, ẹnì kan gbé fóònù sílẹ̀ nítorí kò mọ ohun tó máa sọ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tó ń ka bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún aráàlú. Agbẹ̀bí wọkọ̀ tirẹ̀, ó lọ. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni ìròyìn rẹ̀ ń dé sí: wọ́n ti kúrò ní èbúté, wọ́n ti dé ibi yìnyín. Kò ní kí wọ́n kí ẹnikẹ́ni.

Ó ti padà dé tipẹ́ kí wọ́n tó tún rí i ní ọ́fíìsì. Òòrùn ti sun ojú rẹ̀ dúdú, ó sì rù díẹ̀. Ọ̀gá dìde láti pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n Agbẹ̀bí kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú Bàbá Aláfẹ́. Ó ní yàrá yẹn dára. Ó ní ìgbì jà lójú ọ̀nà tí àwọn tó wà níwájú ọkọ̀ ń bì jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀, òun ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní ibẹ̀ kò dákẹ́ tó bóun ṣe rò: yìnyín máa ń ya, á dún bí ìbọn, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ sì ń pariwo ju ilé ìgbẹ̀bí lọ. Bàbá Aláfẹ́ ní òun dúpẹ́ pé ó padà dé láyọ̀. Ó tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò gùn.

"Mo ti gbọ́," ni Agbẹ̀bí wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀: "Báwo ló ṣe kú?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ní kó mọ́kàn le, wọ́n ti ní Ọlọ́run á tù ú nínú, wọ́n ti ní kó má ronú nípa rẹ̀. Ojú ọ̀sán ni, fóònù ń dún lọ́dọ̀ Ọ̀gá, ọkọ̀ ń kọjá lójú títì.

"Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní orí ń fọ́ òun," ló fi bẹ̀rẹ̀.

Agbẹ̀bí fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó ń rò ó fún un, ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sì wálẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti ní kó padà wọlé, ó dúró, ó ní òun ò rántí irú bàtà tóun wọ̀ lọ́jọ́ náà. Agbẹ̀bí ní ìyẹn ò ṣe nǹkan, kó máa sọ ọ́ lọ. Ó sì ń sọ ọ́ lọ.