Ojú Ìwé Tó Jẹ́ Ti Ẹfúnróyè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Afọlábí fi ń yí ewì akéwì Róòmù kan padà láti èdè Látìn sí Yorùbá. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló sì ti ń ṣèlérí fún Ẹfúnróyè, ìyàwó rẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ obìnrin náà ni. Látìn ò yé e rárá, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ Adó-Odò ni, ewì oko sì ni ewì náà. Bó bá ti ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ágbárá dé, tí òórùn ọṣẹ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á ka ohun tó kọ fún un.

"Bàbá Bùkúnmi, ta ló ń sọ pé èso pọ̀ lórí igi? Ẹ ní èso wọ igi lọ́rùn, kí àgbẹ̀ lè gbọ́ yín."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jà lórí iṣẹ́ náà. Wọ́n dé ibi tí akéwì ti fi ọ̀rọ̀ oko sílẹ̀, tó wá ń ki olú ọba Róòmù bí ẹni ń ki òrìṣà, ọba tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Afọlábí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ìjọ kan ní Látìn l'Ọ́tà, kórìíra ibẹ̀ bí ìgbẹ́. Ó ní akéwì náà ti ta ẹnu rẹ̀ nítorí ikùn.

"Ẹ má bú u," ni Ẹfúnróyè wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣàìsàn."

Afọlábí, ọ̀mọ̀wé, bú sẹ́rìn-ín.

Àìsàn dé lóòótọ́. Kíndìnrín ni. Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé ní Itele, ohun kan ṣoṣo ni Ẹfúnróyè tọrọ: kí òun fọwọ́ kan ìwé náà kí òun tó lọ.

Afọlábí sáré kiri. Àwọn atẹ̀wé Sángo ní ìwé àdúrà àti pósítà ìsọjí làwọn ń tẹ̀, ta ni yóò ka ewì ará Róòmù? Ó ku ilé ìtẹ̀wé yunifásítì. Pásítọ̀ Bọ̀wálé, ọ̀gá ibẹ̀, gbà lọ́gán. Ṣùgbọ́n Ọ̀túnba Ọ̀ṣìnúbí ló ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún wọn, Ọ̀túnba sì ń dupò sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá," ni Pásítọ̀ wí, "ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan la ń tọrọ. Ẹ ki Ọ̀túnba díẹ̀ ní Látìn. Ó máa dùn-ún gbọ́ ní kampéènì."

"Ìyàwó mi ló ni ojú ìwé yẹn."

"Orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń wọ ìwé Ọ̀túnba, sà. Tí ẹ bá kọ ọ́ lónìí, ìwé á jáde lọ́jọ́ Jímọ̀."

Afọlábí ro ọjọ́ tó kù fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ ọ́, ìlà mẹ́jọ. Ó pe Ọ̀ṣìnúbí ní baba àwọn àgbẹ̀. Katapílà Ọ̀ṣìnúbí yìí kan náà ló hú kòkó bàbá Ẹfúnróyè l'Ádó-Odò, tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó kàn ń tu ara rẹ̀ nínú pé ojú Ẹfúnróyè ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kàwé mọ́. Yóò fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ yóò dùn, ó parí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Ẹfúnróyè gbóòórùn rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ wọn.

"Bùkúnmi, wá ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sí mi létí. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ mi."

 Afọlábí ti gbàgbé pé etí ni obìnrin yìí ti fi ń ka ìwé náà láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Bùkúnmi ka Látìn náà, ó ń kọsẹ̀, títí ó fi dórí orúkọ Ọ̀ṣìnúbí. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

Ẹfúnróyè nawọ́. Ó wá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kàn lórí ibùsùn.

"Ṣé ẹ rántí," ó ní, "mo ní kí ẹ má bú akéwì yẹn."

Ó gbé ìwé náà padà sórí itan ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò sí i láyé, kò sì béèrè ìwé náà mọ́.