Àgbo Tí Lábísí Gbo fún Ẹ́ńjìnnì

Òróró àlòkù ni Lábísí fi ń ṣe dísẹ́ẹ̀lì tó ń dà sí ẹ́ńjìnnì tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ẹlẹ́gbẹ́ka. Bó bá lò ó ní kété tó ṣe é tán, kò sí ìjà. Bó bá tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí ẹ̀gẹ́ pọ̀ ni wàhálà ń dé: á kan, á ki bí ògì, á dí asẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, Kàsúmù ọkọ rẹ̀ fárígá.

"Ìyá Múdà, bó bá tún bà jẹ́ pẹ́nrẹ́n, mo máa ta ẹ́ńjìnnì yìí. Wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀ ní Arimogija."

Lábísí ò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ohun tó ń rò ni pé kí ló dé tí òróró tó ń rà lọ́wọ́ Veronica tó ń dín ẹja tà kì í tètè kan bíi ti àwọn yòókù. Ó lọ jókòó ti agbada rẹ̀, ó rí i pé ẹfinrin ló ń jù sí i.

Ó já ẹfinrin, ó gbo ó sómi bí àgbo ọmọ, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sí dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó kú.

Veronica rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlájà, ẹ fún irin lágbo! Ṣé inú ń run ún ni?"

"Dákẹ́, jàre. Omi ló bà á jẹ́, kì í ṣe ewé."

Ó sá ẹfinrin míì títí ó fi gbẹ. Ó wá padà sọ́dọ̀ Veronica, tó ń ta ògógóró pẹ̀lú, ó ní òun fẹ́ rà díẹ̀.

"Ta ló fẹ́ mu ún? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán!"

"Ewé ni. Wọ̀n ọ́n fún mi."

Ó rẹ ewé sínú ọtí, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e sóòrùn títí ọtí fi fò lọ. Ìyókù dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ó pò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì kan. Kò fi nǹkan kan sí kẹ́ẹ̀gì kejì, kó lè rí ìyàtọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ pọ̀, Kàsúmù ti pe Gbọ́lá, ará Arimogija tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì. Lábísí ṣí kẹ́ẹ̀gì méjèèjì lójú wọn. Èyí tí kò ní ewé ti ki, òórùn rẹ̀ ń léni sá. Èkejì ṣì ń ṣàn. Wọ́n dà á sí ẹ́ńjìnnì, Kàsúmù yí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì lọ ẹ̀gẹ́ láìdákẹ́.

Inú Gbọ́lá dùn. "Bó ṣe ń dún yìí, mo ti gbà á. Ẹ dá iye lé e, Bàbá Múdà."

Kàsúmù wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. "Ẹsẹ̀ tó ń rìn, ta ló ń tà á?"

Lábísí ti ki ìka bọ kẹ́ẹ̀gì, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ewúro ò ní pa á mọ́ ju ẹfinrin lọ.